Ilé àti Ìgbé-Ayé ní Ìlú Olynthus Láyé Àtijọ́

Bí a bá dárúkọ ilẹ̀ Gíríìsì ayé àtijọ́, ìlú Àténì ni ó kọ́kọ́ máa ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Sípátà ni ó tẹ̀lé e. Àwọn ìlú méjèèjì yìí ni àwọn òpìtàn kọ ìwé lé lórí jù lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ń fẹ́ mọ bí ọmọ Gíríìkì kan tí kì í ṣe ọba tí kì í sì í ṣe ọ̀gágun ti ń gbé nínú ilé ara rẹ̀, tí ó ń fẹ́ mọ ibi tí aya rẹ̀ ń jókòó sí hun aṣọ, ibi tí wọ́n ń lọ ọkà àti ibi tí wọ́n ń gba àlejò, Àténì kò lè dá a lóhùn tán. Láti ayé àtijọ́ títí di òní ni àwọn ènìyàn ti ń kọ́ ilé lé orí ilé níbẹ̀, ìgbà kan sì ti pa àpá ìgbà kejì rẹ́. Ìlú tí ó lè dá a lóhùn ni Olynthus. Ìdí rẹ̀ kò dùn-ún gbọ́: ogun tú ìlú náà ní ọdún 348 ṣáájú ìbí Kristi, wọ́n ta àwọn ará ibẹ̀ lẹ́rú, èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilé wọn kò sì tún rí ẹni kọ́ ọ mọ́. Ohun tí ọ̀tá kò kó lọ ni ilẹ̀ bò mọ́lẹ̀.

Agbègbè Chalcidice ni Olynthus wà, ní àríwá ilẹ̀ Gíríìsì, níbi tí ilẹ̀ ti na ìka mẹ́ta sínú òkun Aegean. Orí òkè pẹrẹsẹ méjì ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí. Ìbẹ̀rẹ̀ ìlú náà gan-an kò ṣàì ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Herodotus, àgbà òpìtàn, sọ pé ẹ̀yà kan tí à ń pè ní ará Bottiaea ni ó ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 479 ṣáájú ìbí Kristi, Artabazus, ọ̀gágun Páṣíà, gba ìlú náà lọ́wọ́ wọn, ó kó wọn lọ sí ẹ̀bá adágún omi kan, ó sì pa wọ́n síbẹ̀. Ìlú tí ó ti ṣófo náà ni ó gbé fún àwọn ará Chalcidice. Ilé òkú ni wọ́n wọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí yẹ ní fífi sọ́kàn, nítorí irú rẹ̀ tún padà wáyé nínú ìtàn ìlú náà.

Olynthus kò tí ì di ìlú ńlá nígbà náà. Ní ọdún 432 ṣáájú ìbí Kristi ni Perdiccas, ọba Makedóníà, rọ àwọn ará Chalcidice tí ń gbé etí òkun pé kí wọ́n wó ìlú wọn palẹ̀, kí wọ́n kó lọ sí Olynthus, kí wọ́n sì sọ ọ́ di ìlú kan ṣoṣo tí ó lágbára, kí ọwọ́ Àténì má baà tẹ̀ wọ́n. Thucydides ni ó ròyìn èyí. Wọ́n gbà, wọ́n sì kó lọ. Òkè gúúsù, níbi tí ìlú àtijọ́ wà, kò lè gba gbogbo wọn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe la àdúgbò tuntun sórí òkè àríwá. Àdúgbò tuntun yìí ni ó sọ Olynthus di olókìkí láàárín àwọn awalẹ̀pìtàn.

Ìlànà ni wọ́n fi la àdúgbò náà, kì í ṣe pé olúkúlùkù kọ́ ilé síbi tí ó wù ú. Àwọn òpópónà ńlá lọ láti àríwá sí gúúsù. Àwọn ọ̀nà kéékèèké dá wọn kọjá láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn. Gbogbo wọn sì tọ́ bí okùn tí a ta. Ilé mẹ́wàá-mẹ́wàá ni wọ́n kọ́ sí àárín àwọn ọ̀nà wọ̀nyí, márùn-ún ní ìlà kan, márùn-ún ní ìlà kejì, ọ̀nà tóóró kan tí àgbàrá ń gbà sì wà láàárín ìlà méjèèjì. Ilẹ̀ tí ó kan ilé kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 17 níbùú àti lóròó. Kò sí ẹni tí wọ́n fún ní ìlọ́po méjì ti aládùúgbò rẹ̀. Àwọn tí ó fi ìlú baba wọn sílẹ̀ láti wá sọ ara wọn di ọ̀kan, ọgbọọgba ni wọ́n pín ilẹ̀ fún wọn.

Òkúta ni ìpìlẹ̀ ilé, bíríkì amọ̀ tí a sá gbẹ nínú oòrùn ni ògiri, pẹlẹbẹ amọ̀ sísun ni wọ́n sì fi bo òrùlé. Ojú ilé kì í kọ sí ìgboro. Inú ni ó ń kọ sí. Ẹni tí ó bá ti ẹnu-ọ̀nà wọlé, àgbàlá ni yóò bá ara rẹ̀, ojú ọ̀run lókè, òkúta tí a tẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Ní apá àríwá àgbàlá yìí ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan máa ń wà, tí òpó gbé òrùlé rẹ̀ dúró, tí ojú rẹ̀ sì ṣí sí gúúsù. Ẹ̀yìn ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àwọn yàrá wà. Ọgbọ́n wà nínú èyí. Nígbà òtútù, oòrùn ilẹ̀ Gíríìsì kì í ga lójú ọ̀run, nítorí náà ìtànṣán rẹ̀ a wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ láti mú ilé gbóná. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, oòrùn a gun òkè ọ̀run, òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ a sì ṣíji bo àwọn tí ń bẹ lábẹ́ rẹ̀. Xenophon kọ ọ́ sílẹ̀ pé Socrates máa ń kọ́ àwọn ènìyàn ní Àténì pé bí ó ti yẹ kí ilé rí nìyí. Ohun tí Socrates ń fi ẹnu sọ ni àwọn ará Olynthus fi amọ̀ àti òkúta ṣe.

Ní ibi tí wọ́n ti ń dáná, wọ́n máa ń fi ògiri pín àyè kékeré kan sọ́tọ̀ fún èéfín láti gba òkè jáde. Ní ilé mìíràn, ẹ̀gbẹ́ ààrò yìí gan-an ni ilé ìwẹ̀ wà, kí ooru iná lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń wẹ̀. Ọpọ́n ìwẹ̀ wọn jẹ́ ti amọ̀ sísun, jíjókòó ni ènìyàn ń jókòó sínú rẹ̀. Fún lílọ ọkà, wọ́n ní ọlọ kan tí àwọn onímọ̀ ṣì ń fi orúkọ ìlú náà pè títí di òní. Ọmọ ọlọ yìí jẹ́ òkúta fífẹ̀ tí a gbẹ́ ihò sí lókè, tí ojú tóóró kan sì wà nísàlẹ̀ ihò náà. Inú ihò ni wọ́n ń da ọkà sí, ọkà á máa jò díẹ̀díẹ̀ sórí ìyá ọlọ, ẹni tí ń lọ̀ ọ́ á sì di ọ̀pá igi kan mú, á máa tì í lọ sọ́tùn-ún, á máa fà á bọ̀ sósì. Iṣẹ́ tí ń gba eékún àti ẹ̀yìn ènìyàn ni wọ́n fi ọgbọ́n sọ di iṣẹ́ apá nìkan. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò tíì tán nítorí ìyẹn, ẹrúbìnrin ni ó sì sábà máa ń ṣe é nínú ilé tí ó bá ní ẹrú.

Aṣọ híhun ni iṣẹ́ obìnrin tí ó hàn gbangba jù lọ ní Olynthus. Òfì wọn dúró lóòró. Òkè ni wọ́n ti ń ta òwú rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á sì so ọmọ amọ̀ sísun mọ́ ìdí òwú náà láti fà á le. Igi òfì ti jẹrà, òwú àti irun àgùntàn ti jẹrà, ṣùgbọ́n amọ̀ kì í jẹrà. Ibi tí àwọn ọmọ amọ̀ wọ̀nyí bá pọ̀ sí nílẹ̀, ibẹ̀ ni obìnrin ti ń hun aṣọ, tàbí ibi tí wọ́n ń kó ohun èlò òfì pamọ́ sí. A rí wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ní àwọn yàrá tí ìmọ́lẹ̀ àgbàlá ń dé. Xenophon, nínú ìwé rẹ̀ lórí àmójútó ilé, sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀kùn kan tí a fi ìdábùú há, tí ó ya ibi àwọn obìnrin sọ́tọ̀ kúrò ní ibi àwọn ọkùnrin. Ẹni tí ó bá wá irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ ní Olynthus kò ní í rí apá ibì kan nínú ilé tí a lè tọ́ka sí pé ti obìnrin nìkan nìyí. Àgbàlá ni ọkàn ilé, ìyàwó ilé, ọmọ àti ẹrú sì jọ ń lò ó.

Ibì kan ṣoṣo ni ó jẹ́ ti ọkùnrin gedegbe: yàrá àlejò. Kì í ṣe gbogbo ilé ni ó ní i. Ilẹ̀ yàrá yìí le, ó sì dán. Ní ẹ̀gbẹ́ ògiri yíká ni wọ́n ti gbé ilẹ̀ sókè díẹ̀, níbi tí wọ́n ń tẹ́ ibùsùn sí. Ẹnu-ọ̀nà kì í wà láàárín gbùngbùn ògiri, ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n ń fà á sí kí ibùsùn lè gbà. Àwọn ọkùnrin á fara lé ìgbọ̀nwọ́ òsì, wọ́n á máa jẹun lórí tábìlì kékeré, wọ́n á máa mu ọtí wáìnì tí a ti bu omi là, ọ̀rọ̀ ìlú á sì máa lọ. Aya onílé àti ọmọbìnrin rẹ̀ kì í bá wọn jókòó. Obìnrin tí ó bá wọ ibẹ̀, ẹrú tí ń gbé oúnjẹ tàbí afunfèrè tí wọ́n háyà ni. Láàárín ilẹ̀ yàrá irú èyí ni wọ́n ń fi òkúta wẹ́wẹ́ dúdú àti funfun ya àwòrán. Ọ̀kan nínú wọn ṣe àfihàn Bellerophon lórí ẹṣin abìyẹ́, tí ó ń fi ọ̀kọ̀ gún Chimera, ẹranko abàmì. Ó wà lára àwọn àwòrán òkúta wẹ́wẹ́ tí ó pẹ́ jù lọ tí a mọ̀ ní ilẹ̀ Gíríìsì.

Bí ìlú ti ń dàgbà, ilé tí wọ́n pín lọ́gbọọgba bẹ̀rẹ̀ sí yàtọ̀ síra. Ẹlòmíràn la ilẹ̀kùn sí ìgboro láti fi yàrá kan ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ẹlòmíràn fi àgbàlá rẹ̀ ṣe ibi iṣẹ́ amọ̀, tí ó ń mọ ère kéékèèké, tí ó sì ń sun wọ́n nínú ààrò tirẹ̀. A rí òkúta tí wọ́n fi ń tẹ èso ólífì. A rí ilé tí ọmọ amọ̀ òfì inú rẹ̀ pọ̀ ju èyí tí agbo ilé kan lè lò, tí ó fi hàn pé aṣọ títà ni wọ́n ń hun níbẹ̀. Wọ́n ń ta ilé pàápàá. Nígbà tí títà-rírà bá parí, wọ́n á fín in sára òkúta: orúkọ ẹni tí ó tà á, orúkọ ẹni tí ó rà á, àwọn aládùúgbò, àwọn ẹlẹ́rìí àti iye owó.

Ọrọ̀ hàn jù lọ ní ìhà ìlà-oòrùn, nísàlẹ̀ òkè, níbi tí wọ́n ti kọ́ àwọn ilé tí ó tóbi ju ti orí òkè lọ. Nínú ọ̀kan nínú wọn, wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ ya àwòrán Achilles, bí ìyá rẹ̀ Thetis ti ń gbé ohun ìjà wá fún un, àti Dionysus, òrìṣà ọtí wáìnì, nínú kẹ̀kẹ́ tí àwọn ẹranko bí àmọ̀tẹ́kùn ń fà. Wọ́n sì fi òkúta wẹ́wẹ́ kọ Oríire sílẹ̀ ní èdè Gíríìkì, gẹ́gẹ́ bí ẹni ń pe orúkọ òrìṣà kan. Ilé Oríire ni àwọn awalẹ̀pìtàn ń pè é títí di òní.

Oríire yìí ní ibi tí ó ti wá. Olynthus ni olórí ẹgbẹ́ àwọn ìlú Chalcidice, tí ń ná owó fàdákà kan náà, orí Apollo lójú kan, ohun èlò orin olókùn lójú kejì. Xenophon jẹ́ ká mọ̀ pé àwọn ìlú inú ẹgbẹ́ náà lè fẹ́ ọmọ ara wọn, ọmọ ìlú kan sì lè ní ilẹ̀ ní ìlú kejì. Ohun tó dára ni èyí fún àwọn tí ó bá fẹ́. Ṣùgbọ́n Olynthus a máa fi agbára mú ẹni tí kò bá fẹ́. Ní ọdún 382 ṣáájú ìbí Kristi, ìlú Acanthus àti Apollonia ránṣẹ́ sí Sípátà pé kí ó gbà wọ́n lọ́wọ́ ọmọ ìyá wọn. Sípátà gbógun wá, ebi sì mú kí Olynthus túúbá ní ọdún 379. Bí Sípátà ti rẹ̀yìn, Olynthus tún dìde.

Nígbà náà ni Philip, ọmọ Amyntas, jọba ní Makedóníà ní ọdún 359 ṣáájú ìbí Kristi. Àwọn ará Olynthus ń bẹ̀rù rẹ̀, wọ́n sì ń ronú láti bá Àténì mulẹ̀. Philip mọ ohun tí ó wù wọ́n. Ìlú Potidaea wà ní etí òkun, kò ju nǹkan bíi kìlómítà 11 lọ sí wọn. Thucydides sọ pé ènìyàn lè rí Olynthus láti ibẹ̀. Philip ṣe ìlérí Potidaea fún wọn, wọ́n sì di ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 356, ó gba Potidaea. Àwọn ọmọ ogun Àténì tí ó bá níbẹ̀ ni ó dá padà sílé pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Àwọn ọmọ onílùú ni ó tà lẹ́rú. Ìlú àti oko wọn ni ó gbé fún Olynthus, Olynthus sì gbà á.

Kókó ọ̀rọ̀ nípa ìgbé-ayé ìlú yìí ni èyí. Àwọn tí ó gba ilẹ̀ Potidaea kì í ṣe ẹranko búburú. Àwọn kan náà ni wọ́n ń kọ́ ilé kí oòrùn lè yá ọmọ wọn, tí wọ́n ń pe ẹlẹ́rìí bí wọ́n bá ń ra yàrá, tí wọ́n ń ṣe ìrúbọ níbi pẹpẹ àgbàlá wọn. Òfin tí ó dáàbò bo ògiri ilé wọn kò dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò tí wọ́n lè fi ojú rí láti orí òkè wọn. Àwọn àgbà Yorùbá ní pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lókè àjà fún ìyàwó. Pàṣán náà kò pẹ́ kí ó tó sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí agbára Philip pọ̀ kọjá ààlà, Olynthus yí padà sọ́dọ̀ Àténì. Ní ọdún 349 ṣáájú ìbí Kristi, ó gbógun tì wọ́n. Demosthenes dìde lẹ́ẹ̀mẹta níwájú àwọn ará Àténì láti rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n ran Olynthus lọ́wọ́, nítorí pé bí ó bá ṣubú, kò sí ohun tí yóò dá Philip dúró mọ́. Àténì ránṣẹ́ ìrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n èyí tí ó tóbi jù pẹ́ kí ó tó dé. Ní ọdún 348, Euthycrates àti Lasthenes, tí wọ́n jẹ́ ọ̀gá nínú ìlú, dalẹ̀ fún Philip. Ó wọlé, ó kó ìlú náà, ó tú u, ó sì ta àwọn ènìyàn inú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti ta àwọn ará Potidaea ní ọdún 8 ṣáájú.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wọn lẹ́yìn náà hàn díẹ̀ nínú ẹjọ́ tí Demosthenes bá Aeschines rò ní Àténì ní ọdún 343. Demosthenes rán àwọn adájọ́ létí pé Aeschines fúnra rẹ̀ ti ròyìn rí bí òun ti pàdé ọkùnrin kan lójú ọ̀nà, Atrestidas ará Arcadia, tí ó ń da àwọn obìnrin àti ọmọdé bí ọgbọ̀n lọ sílé. Ará Olynthus ni wọ́n, Philip ni ó fi wọ́n ta á lọ́rẹ. Ó tún sọ ti obìnrin Olynthus kan tí àwọn ọkùnrin mú wọ inú àsè wọn ní Makedóníà; wọ́n ní kí ó kọrin, ó kọ̀, wọ́n sì ní kí a nà án. Aeschines sẹ́ ẹ̀sùn yìí pátápátá. Ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ tí ń gbọ́ ọ mọ irú ayé tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Obìnrin tí kì í wọ yàrá àlejò nílé ọkọ rẹ̀ di ẹni tí a lè fà wọ yàrá àlejò ẹlòmíràn, nítorí pé kò ní ìlú mọ́.

Láàárín ọdún 1928 sí 1938, David M. Robinson ti Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà wa ilẹ̀ Olynthus, ó sì hú ilé tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún jáde. Ní ọdún 2002, Nicholas Cahill tẹ ìwé kan jáde, nínú èyí tí ó tún gbogbo àkọsílẹ̀ náà yẹ̀ wò, tí ó to ohun èlò kọ̀ọ̀kan padà sí yàrá tí wọ́n ti rí i. Láti ọdún 2014, àwọn onímọ̀ láti Gíríìsì, Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà tún padà lọ wa ilẹ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni ó jẹ́ kí ayé mọ ibi tí ìkòkò dúró sí àti ibi tí òfì wà. Ṣùgbọ́n láàárín ìkòkò àti ọmọ amọ̀ òfì náà ni wọ́n ti rí orí ọfà, àti òjé kànnàkànnà tí wọ́n kọ orúkọ Philip sí lára. Wọ́n sì rí owó fàdákà tí àwọn kan rì mọ́ ilẹ̀ yàrá, tí ẹni tí ó rì í kò padà wá hú. Ohun tí a fi mọ ìgbé-ayé wọn ni ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pàdánù rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó parun. Ní ọdún 316 ṣáájú ìbí Kristi, Cassander, tí ó ń ṣe àkóso Makedóníà lẹ́yìn ikú Alexander ọmọ Philip, tẹ ìlú tuntun dó, ó sì pè é ní Cassandreia. Diodorus òpìtàn sọ pé ó kó àwọn ará Olynthus tí ó ṣẹ́kù, tí wọn kò kéré níye, síbẹ̀ láti máa gbé. Orí ilẹ̀ Potidaea ni ìlú tuntun náà wà. Nígbà tí wọ́n bá wo ìhà àríwá láti ibẹ̀, òkè tí ilé baba wọn wà rí ni wọ́n ń rí.